Ta Ló Ni Nọ́ńbà 34? Ìjà Jẹ́sì Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ohun Tó Wà Nídìí Rẹ̀

Ọmọkùnrin mẹ́ta ló fẹ́ wọ nọ́ńbà 34, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa ní Under-G, lẹ́bàá Yunifásítì LAUTECH níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ ṣe jẹ́sì tuntun. Wọ́n ti dáwó jọ, wọ́n ti ra aṣọ, ó ku kí ẹni tó ń tẹ orúkọ sára aṣọ bá wọn parí ẹ̀. Ó ní kí oníkálukú kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó fẹ́ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé kan. Nígbà tí ìwé náà yípo tán, 34 ti di mẹ́ta. Èkíní ní Hakeem Olajuwon lòun ń wọ̀ ọ́ fún. Èkejì ní Giannis ni tòun. Ẹ̀kẹta, tó sígbọnlẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ, ní níbi tí Shaq bá wà, kí àwọn yòókù lọ jókòó.

"Bọ̀dá, ẹ bá wa dá a o." Èmi ni wọ́n ń bá wí, torí pé èmi ni mo dàgbà jù ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo sì ti máa ń fi ìròyìn Hakeem yọ wọ́n lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe adájọ́ ni wọ́n ń wá. Agbẹjọ́rò ni oníkálukú ń wá. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Ohun tí mo fi ọjọ́ díẹ̀ náà rò nìyí.

Ẹni tí kì í wo básíkẹ́ẹ̀tì lè béèrè pé kí ló kan nọ́ńbà nínú ọ̀rọ̀ eré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí i bí àwọn ọmọ ṣe ń lù ara wọn lórí nọ́ńbà 10 nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ ti mọ àìsàn náà. Láàárín àwọn tó ń wo NBA, ìyẹn líìgì Amẹ́ríkà tó lókìkí jù nínú eré yìí, ó ti di àṣà kí wọ́n mú nọ́ńbà kan, kí wọ́n sì jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ẹni tó dáńtọ́ jù nínú gbogbo ẹni tó ti gbé e sẹ́yìn rí. Nọ́ńbà mìíràn kì í gba àkókò. Tí ẹ bá ní 23, Michael Jordan ni. LeBron James náà wọ̀ ọ́, síbẹ̀ ẹ̀yìn Jordan ló tò sí. Tí ẹ bá ní 30, Stephen Curry ni. Ẹ ò tíì gbé ife omi kalẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti parí.

34 kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé ni 34, baálé mẹ́fà ló sì ń bá ara wọn du àga níbẹ̀: Hakeem Olajuwon, Charles Barkley, Shaquille O'Neal, Ray Allen, Paul Pierce àti Giannis Antetokounmpo. Márùn-ún àkọ́kọ́ ti wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí básíkẹ́ẹ̀tì ní Springfield. Ohun tí kò tíì jẹ́ kí ẹ̀kẹfà wọ ibẹ̀ ni pé ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

Ìka ọwọ́ rẹfirí

Kí ló kó gbogbo wọn jọ sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo? Ọmọ tó ń ti Giannis lẹ́yìn sọ fún mi pé àdììtú wà nínú 34, pé nọ́ńbà náà "ní nǹkan". Kò ní nǹkan kan. Ìka ọwọ́ rẹfirí ló fà á.

Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe fáwùlù, rẹfirí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún àwọn tó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí ariwo kì í jẹ́ kí ẹnu tó. Á fi ọwọ́ kan ṣe 3, á fi ọwọ́ kejì ṣe 4, ó di 34. Ṣùgbọ́n ìka márùn-ún ló wà lọ́wọ́ kan. Báwo ló ṣe fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣe 7, tàbí 9? Nítorí èyí ni NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ṣe ṣòfin pé 6, 7, 8 àti 9 kò gbọ́dọ̀ sí nínú nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ọdún 2023 ni wọ́n tó tú òfin yẹn ká. Ẹ bá mi kà á lórí ìka: láti 0 àti 00 títí dé 55, nọ́ńbà tí òfin náà fi sílẹ̀ kò ju 37 lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń pín 37 yẹn láàárín ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé èyí tó bá kàn wọ́n níléèwé wọ NBA. Hakeem wọ 34 ní Yunifásítì Houston. Barkley wọ̀ ọ́ ní Auburn, Allen ní Connecticut, Pierce ní Kansas. Ìdí nìyẹn tí 23, 32, 33 àti 34 fi kún fún akọni, tí 78 sì ṣófo bí ọjà tó ti tú.

Tiwa níbí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. FIBA, àjọ tó ń darí eré náà káàkiri àgbáyé, tí Nàìjíríà náà wà lábẹ́ rẹ̀, kò gba nọ́ńbà kankan nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè fún ọ̀pọ̀ ọdún àfi láti 4 dé 15. Wọn ò fẹ́ 1, 2 àti 3, torí pé ìka wọ̀nyẹn náà ni rẹfirí fi ń ṣe àmì mìíràn. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà. Òfin 4 dé 15 yẹn ló bí ohun apanilẹ́rìn-ín kan ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996: Hakeem, Barkley àti Shaq jọ wà nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà kan náà, wọ́n jọ gba góòlù, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí 34 wọ̀. Ọba mẹ́ta nínú ilé kan, adé wà níta.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìka yìí, ojú ọmọ Giannis fà ro. Ó jọ pé ó ti fẹ́ kí ó jẹ́ oògùn.

Ọmọ oní-sìmẹ́ńtì

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ Hakeem kí n má gbè é. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, gólì ló ń ṣọ́, ó sì tún máa ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dáadáa kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bá a gbá a lẹ́yìn náà ti ń ju bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá kòrò.

Àmọ́ ohun tó yẹ kó pa á lára gan-an ló gbè é. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fídíò àtijọ́. Ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ bí ti ẹni tó gbọ́ ìlù bàtá! Á kọ ẹ̀yìn sí ọ, á dá èjìká sí ọ̀tún, ìwọ á tẹ̀lé e. Òun ti yí sósì, bọ́ọ̀lù ti wọlé, ìwọ ṣì ń wá a kiri ní ọ̀tún. Dream Shake ni wọ́n pe ijó náà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́ ẹsẹ̀ òun.

Ọdún 1984 ni Houston Rockets fi í ṣe àkọ́yàn nínú dráfútì, ètò tí àwọn ikọ̀ NBA fi ń pín ọmọ tuntun lọ́dọọdún. Ẹni kẹta tí wọ́n yàn lọ́dún yẹn ni Michael Jordan. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi ikọ̀ Portland ṣẹ̀sín pé Sam Bowie ni wọ́n mú ní ipò kejì, tí wọ́n fi Jordan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi Rockets ṣẹ̀sín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ìyẹn dáadáa. Ikọ̀ kan fojú fo Jordan, ayé sì gbà pé kò ṣì í.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá jù tí òun fi ọwọ́ dí lójú ọ̀nà jẹ́ 3,830, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dí tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ NBA. Ní sáà 1988 sí 1989, ó dí 282, ó sì já 213 gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ẹlòmíì tó tíì ní igba nínú méjèèjì ní sáà kan náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1990, ó ju ojúàmì 18 wọlé, ó hán bọ́ọ̀lù 16 tó tàsé, ó fún ẹlòmíì ní 10 tó di ojúàmì, ó dí 11, gbogbo rẹ̀ nínú ìdíje kan ṣoṣo. Ẹ wá gbọ́ ikọ̀ tó fi ṣe é: Milwaukee Bucks, ikọ̀ tí Giannis wá wọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún.

Ọdún 1994 ni ìparí ọ̀rọ̀, ọdún náà gan-an ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ wa kò fi rí i. Ní sáà yẹn, ó gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù. Ó gba ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù. Ó gba ife pẹ̀lú Rockets. Wọ́n tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá. Kò tíì sẹ́ni tó kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ ní sáà kan ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àṣekágbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń gba ife. Nínú ìdíje kẹfà pẹ̀lú New York Knicks, John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Bó bá wọlé, Knicks ti gba ife nìyẹn. Ìka Hakeem kàn án lójú ọ̀run. 86 sí 84. Ìdíje keje ni wọ́n fi parí ẹ̀, 90 sí 84, ní ìlú Houston, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà.

Kí làwa ń ṣe ní Nàìjíríà lọ́jọ́ yẹn? Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 21, ní Dallas, nínú ìpínlẹ̀ Texas kan náà, Super Eagles na Bùlùgéríà 3 sí 0 nínú Ife Àgbáyé tí a kọ́kọ́ lọ rí. Mo kéré nígbà náà, àmọ́ mo rántí Rashidi Yekini tó di àwọ̀n mú tó ń sunkún, mo sì rántí bí gbogbo àdúgbò ṣe tú síta. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn básíkẹ́ẹ̀tì? Ọmọ Nàìjíríà ṣe bẹbẹ lẹ́ẹ̀mejì ní Texas láàárín ọjọ́ méjì, a sì jó fún ẹ̀ẹ̀kan. Mo rò pé ìyẹn wà nídìí bí mo ṣe ń pariwo Hakeem lé àwọn ọmọ yìí lórí: gbèsè ni mo ń san.

Ọdún tó tẹ̀lé e, Rockets tún gbà á, láti ipò kẹfà ní apá ìwọ̀-oòrùn, ipò tí ikọ̀ kankan kò tíì gba ife láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Nínú oṣù Kejì ọdún 1995 yẹn, nígbà tí Hakeem ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù oṣù náà. David Robinson ni wọ́n fún ní MVP. Nígbà tí Robinson bá a pàdé, ijó bàtá yẹn sọ ọ́ di òǹwòran. Nínú àṣekágbá, wọ́n na Orlando Magic 4 sí 0. Ta ló wà láàárín Orlando? Shaquille O'Neal. Ẹ fi ìyẹn sápò, a ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Adé tí òkun gbé lọ

Ká tó dé ọ̀dọ̀ Shaq, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Giannis, torí pé orúkọ rẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ọmọ tó ń tì í lẹ́yìn kọ orúkọ náà sínú ìwé oníṣẹ́ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta. Oníṣẹ́ ní iye lẹ́tà ni òun fi ń gbowó, pé kó tètè pinnu.

Yorùbá ni bàbá Giannis, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Wọ́n kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Gíríìsì, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní Athens, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1994. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé náà, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Báwo ló ṣe di Antetokounmpo? Ọwọ́ akọ̀wé Gíríìkì ló kọjá. Lẹ́tà wọn tó yẹ kó jẹ́ d, ohùn mìíràn ló ń mú jáde lóde òní. Tí wọ́n bá fẹ́ d bíi tiwa, wọ́n á pa n àti t pọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ b, wọ́n á pa m àti p pọ̀. U tiwa, o àti u ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ mú Adetokunbo, ẹ fi òfin yìí kọ ọ́: d di nt, u di ou, b di mp. Nígbà tí wọ́n wá gbé lẹ́tà Gíríìkì náà padà sí lẹ́tà ABD lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó jáde nìyẹn. Kò sí ẹni tó yí orúkọ padà. Ọ̀nà tó gbà ló jìn.

Kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ má fi í ṣẹ̀sín o. Orúkọ ìlú tiwa náà ti rin ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn bàbá wa ni pé Ògúnlọlá ọdẹ gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, wọ́n ń pè é ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ẹnu lọ̀ ọ́ títí ó fi di Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí tiwa gba ẹnu ọlọ́rọ̀ lọ, tirẹ̀ gba ìwé lọ.

Athens bí i, àmọ́ Athens kò kà á sí ọmọ. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń kiri aago, awò ojú àti báàgì ní òpópónà. Ọdún 2013, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ìwé ọmọ onílùú, kété kí Milwaukee Bucks tó yàn án ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó mú 34. Ray Allen ti wọ̀ ọ́ níbẹ̀ láti 1996 dé 2003, ṣùgbọ́n Bucks kò fi rọ̀ sókè, ìyẹn ni pé wọn ò fi jẹ́sì náà rọ̀ sí òrùlé pápá wọn kí ẹlòmíì má bàa wọ̀ ọ́ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó bá a lọ́fẹ̀ẹ́.

Látìgbà náà, ó ti gba MVP lẹ́ẹ̀mejì, 2019 àti 2020. Ní 2020 yẹn, ó tún gba ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù. Àwọn tó gba méjèèjì ní sáà kan náà nínú ìtàn NBA kò ju mẹ́ta lọ: Jordan ní 1988, Hakeem ní 1994, Giannis ní 2020. Méjì nínú mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, àwọn méjèèjì sì wọ 34. (Láti ọdún 2022, orúkọ Hakeem ni NBA fi sọ ife ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù yẹn.) Lọ́dún 2021, ní ìdíje kẹfà àṣekágbá pẹ̀lú Phoenix Suns, Giannis ju ojúàmì 50 wọlé, ó hán bọ́ọ̀lù 14, ó dí márùn-ún. Ọkùnrin tí àwọn òǹwòran ìlú míì máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé lórí torí pé ó máa ń pẹ́ kó tó ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, tí kò sì mọ̀ ọ́n jù, 17 ló jù wọlé nínú 19 lálẹ́ ọjọ́ náà. Bucks kò gba ife láti 1971 títí di alẹ́ yẹn.

Ṣé ọmọ wa ni? Ìbéèrè yẹn máa ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù gbóná. Hakeem di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, Amẹ́ríkà ló sì bá gba góòlù ní Atlanta. Giannis ń gbá fún Gíríìsì. Adétòkunbọ̀: adé ti òkun bọ̀. Èyí tí à ń sọ yìí, òkun kò tíì dá a padà, mi ò sì rò pé ó jẹ wá ní gbèsè kankan. Ẹ jẹ́ ká máa yangàn, àmọ́ ká yangàn níwọ̀nba.

Ẹjọ́ gan-an

Ní ṣọ́ọ̀bù, Hakeem àti Giannis ni wọ́n ń fi jagun. Orúkọ ló fà á. Lójú tèmi, ìjà yẹn kọ́ ni ìjà. Ẹni tó ń bá Hakeem du 34 ní tòótọ́ ni Shaq, ọmọ tó sígbọnlẹ̀ yẹn sì mọ nǹkan kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀.

Òfin tí mo fi dá ẹjọ́ nìyí: bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà là ń bi, iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe nínú nọ́ńbà yẹn nìkan la ó kà. Ohun tó fi aṣọ mìíràn ṣe, kó lọ gbà á nílé aṣọ náà. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ó ta mí lẹ́yìn.

Shaq wọ 33 ní yunifásítì, ó wọ 32 ní Orlando. Nígbà tó dé Los Angeles Lakers lọ́dún 1996, 32 ti rọ̀ sókè fún Magic Johnson, 33 ti rọ̀ sókè fún Kareem Abdul-Jabbar. Bí ẹni tó pẹ́ dé bùkà tó bá wọn pé ọkà ti tán, iyán ti tán, tó ní kí wọ́n bu ẹ̀bà ni Shaq ṣe mú 34. Ọdún mẹ́jọ ló fi jẹ ẹ̀bà yẹn, ó sì jẹ ẹ́ dójú àwo. Ife mẹ́ta léraléra, 2000, 2001, 2002, òun ló sì ta yọ jù nínú àṣekágbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n dìbò MVP lọ́dún 2000, nínú ìbò 121, ẹnì kan ṣoṣo ni kò fi í sí ipò kìíní.

Ẹ wá mú ohun tí a fi sápò jáde. 4 sí 0 tí Hakeem fi na Shaq ní 1995, 32 ni Shaq wọ̀. Òfin mi kò gbà kí n kà á. Ìgbà kan ṣoṣo tí 34 àti 34 kojú ara wọn nínú ìdíje ìyọkúrò tó ń tẹ̀lé sáà láàárín àwọn méjèèjì ni ọdún 1999, Lakers ló borí, 3 sí 1. Mo gbìyànjú láti fi èyí pamọ́ fún ọmọ náà. Ó ti mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, Hakeem ni mo dá a fún, kì í sì í ṣe torí orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ní 1999, orúnkún rẹ̀ ti ń ráhùn. Ní 1994, òun nìkan ṣoṣo ni Rockets ní nínú ìdíje àwọn ìràwọ̀ ọdún yẹn. Shaq ní Kobe Bryant lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hakeem gba ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù lẹ́ẹ̀mejì, Shaq kò gbà á rí. Apá kan pápá ni Shaq ti jọba, apá méjèèjì ni Hakeem ti jọba. Ó sì wọ 34 láti iléèwé títí dé sáà kejìdínlógún tó fi parí ní Toronto lọ́dún 2002. Àlejò pàtàkì ni Shaq nínú nọ́ńbà yẹn, onílé ni Hakeem. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju fọ́nrán irun lọ, àmọ́ ó wà. Giannis ló kàn. Ẹ má bi mí lọ́dún márùn-ún sí i.

Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ jẹ́ kí n má fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. Barkley gba MVP 1993 ní Phoenix, kò sì gba ife rí. Nígbà tó dé Houston lọ́dún 1996, ó bá Hakeem nínú 34, ó sì wọ 4. Ray Allen dé Boston lọ́dún 2007, ó bá Pierce nínú rẹ̀, ó wọ 20. Nígbà tó kọjá sí Miami Heat, ó padà sí 34, òun ló fi ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn tó gba Heat là nínú ìdíje kẹfà àṣekágbá 2013, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Pierce gba ife 2008, òun ló sì ta yọ nínú àṣekágbá náà. Shaq fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní "The Truth", òtítọ́. Àgbà ni gbogbo wọn. Àgbà kò kàn pọ̀ tó báyìí nínú agbo ilé kan ni.

NBA fúnra rẹ̀ kò lè parí ìjà yìí, torí pé ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fi nọ́ńbà rọ̀ sókè nínú ilé tirẹ̀. Houston ti gbé 34 sókè fún Hakeem, Lakers fún Shaq, Boston fún Pierce, Philadelphia àti Phoenix fún Barkley. Òrùlé márùn-ún, ẹni mẹ́rin. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo líìgì pawọ́ pọ̀ fi rọ̀ ni 6, fún Bill Russell, lọ́dún 2022.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Hakeem gba 34, ó kọ Olajuwon, lẹ́tà mẹ́jọ. Mo ní kí ọmọ Shaq mú 32, pé 32 ni Shaq fi gba ife 2006 ní Miami, kò sì pàdánù nǹkan kan. Ó bá oníṣẹ́ jà díẹ̀ lórí àmì kékeré tó wà láàárín O àti Neal, wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ọmọ Giannis kò fẹ́ gbọ́. Mo ní kó mú 43, pé nọ́ńbà tí Thanasis, ẹ̀gbọ́n Giannis, wọ̀ ní Bucks nìyẹn, 34 tó yíjú padà. Ó rò ó. Ó mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gígùn yẹn, A, n, t, ó dúró, ó pa á rẹ́. Ó wá kọ Adetokunbo. Oníṣẹ́ kà á, ó jẹ́ mẹ́wàá. Ó ti gbowó mẹ́tàlá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ka owó lẹ́tà mẹ́ta padà lé e lọ́wọ́.